Ìjókòó Ẹ̀yìn Pijó Bàbá

Ilé tí Pijó wà lẹ́nu ọ̀nà,
Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Iléyá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àsíátù Abíọ́nà,

Mo kí yín, mo kí bàbá Haleemah, mo sì kí Haleemah fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé nígbà tí lẹ́tà yìí bá máa fi tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní Mọ̀wé, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láti Èkó ni, ẹsẹ̀ yín á ti wú, ẹ ò sì ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́hun yóò máa mú yín lọ, yóò máa mú yín bọ̀. Ara gbogbo wa le níbí. Bàbá ń jẹun, Màámi ń pariwo, èmi náà ń wá iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí Pólì mi, tó ṣì mọ́ tónítóní nítorí pé kò tíì sí ẹni tó ní kí n mú un wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó máa kà á lọ. A fẹ́ tún Pijó Bàbá ṣe! Kì í ṣe ká fọ̀ ọ́, kì í ṣe ká kàn kùn ún lọ́dà. A fẹ́ tú u palẹ̀ títí dórí egungun, ká sì tún un tò padà títí yóò fi máa rìn. Ìdí rèé tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Tí mo bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù, mo mọ̀ pé ibi tí ẹ bá ti rí "Pijó" ni ẹ ó ti pa á rẹ́.

Ẹ mọ ipò tí ọkọ̀ náà wà. Láti ọjọ́ tó ti kú sẹ́nu ọ̀nà wa ló ti ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà tó wà láàyè lọ. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni Màámi ń sá láfún sí, nítorí ó ní kò sí àpáta kankan ní gbogbo Abẹ́òkúta tó gbóná tó o. Adìẹ rẹ̀ kan ń sàba lábẹ́ sitíárì. Gbogbo Ìtòkú ló sì fi ń júwe ọ̀nà: "Tẹ́ ẹ bá ti dé ibi Pijó, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún." Ẹni tó ń pín ìwé iná pàápàá, "Bàbá Pijó" ló ń kọ sórí tiwa.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù wá sílé wa pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Ẹ mọ̀ pé ojú Bàbá ń ṣú díẹ̀díẹ̀, oògùn tí wọ́n ń kán sí i kò sì lè dá èyí tó ti lọ padà. Bàbá ní, "Ohun tí mi ò ní rí mọ́, kí ni mo ń ṣọ́ ọ sí? Máa gbé e lọ." Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í kó láfún rẹ̀ kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sílé ìdáná, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ọkùnrin yìí wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbá ìjókòó ẹ̀yìn lábàrá, ó ní, "Ẹ wò ó, Alhájì, èyí ò sí nínú ìwọ̀n o. Fóòmù jíjẹrà lásán ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Bàbá ṣí fìlà lórí. "Kò sí kí ni? Ibẹ̀ ni mo bí ọmọ mi obìnrin sí!" Màámi dáhùn láti ilé ìdáná: "Ta ló bí i?" Bàbá ní, "Àwa ni. Èmi ni mo wa ọkọ̀." Ọkùnrin náà gbé òṣùwọ̀n rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo rí i pé ọ̀nà ti là, mo sáré wọlé lọ gbé ètò mi jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ya gbogbo rẹ̀ sórí páálí ńlá kan: ẹ́ńjìnnì, ara, iná, ìjókòó, ọ̀dà. Bàbá gbà á, ó dorí rẹ̀ kodò, ó wò ó títí, ó ní ó dára gan-an.

Ọ̀gá Sàlàhúdíìnì, mẹkáníìkì Láfẹ́ńwá tó ń tọ́jú Pijó náà nígbà ayé rẹ̀, ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró níwájú ọkọ̀, ó ní, "O kú ọjọ́ mẹ́ta," kó tó ṣí i. Ẹ́ńjìnnì ti gan. Ó yọ àwọn pọ́lọ́ọ̀gì, ó rọ epo dísẹ́ẹ̀lì sínú ihò wọn, ó ní ká fi í sílẹ̀ kó mu ún. Nígbà tó padà wá, ó ki irin gígùn bọ ìdí ẹ́ńjìnnì, èmi àti òun sì jọ fà á. Kò mì. A tún fà á. Ẹ̀gbọ́n mi, ó yí! Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sùn lọ nínú ìpàdé. Mo kígbe débi pé àwọn aládùúgbò rò pé mo ti ríṣẹ́. Màámi jó láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́. Ó ti sọ fún gbogbo èèyàn báyìí pé eṣinṣin lòun ń lé.

Dìran, tó ń lu ara ọkọ̀ ní Àsẹ́rò, ló tẹ̀ lé e. Ó ní ilẹ̀ ọkọ̀ ti dípẹtà, àmọ́ egungun rẹ̀ le. Ó wá béèrè àwọ̀ tí ọkọ̀ náà ní tẹ́lẹ̀, ìjà sì dé. Bàbá ní àwọ̀ eérú ni. Màámi ní funfun ni, pé Bàbá ni kì í fọ̀ ọ́. Dìran fi ọ̀bẹ ha abẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn. Búlúù ni! Búlúù bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Ọwọ́ oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan ní Ewékorò ni Bàbá ti rà á, sìmẹ́ńtì náà ló sì fi ń kó títí ọkọ̀ fi kú, nítorí náà kò sí ẹnì kankan nínú ìdílé wa tó rí àwọ̀ rẹ̀ rí. A ti fẹnu kò sórí búlúù. Bàbá ní bí oòrùn bá ràn, òun ṣì ń dá búlúù mọ̀.

Ibi tí ètò mi wá há sí nìyí. Christianah, tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ní Òkè-Ìlèwó, ní àti ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lòun máa tú dànù. Bàbá na ọ̀pá rẹ̀ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Ti iwájú, tú u. Ti ẹ̀yìn, Abíọ́nà ló ni ín. Títí yóò fi wá sọ tẹnu rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yọ nọ́ọ̀tì kan mọ́ lára ọkọ̀ yìí." Christianah béèrè pé ta ni Abíọ́nà. Màámi ní ìtàn gígùn ni.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ọkọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé "Ọmọ Pijó" ni wọ́n ń pè yín nílé-ìwé, tí àwọn ọmọkùnrin á máa ṣe "pìììn" bí ẹ bá ń kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì yín, ẹ ní bí ẹ bá tún bá a níbí, ẹ ó sun ún. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé lẹ ń gbà wọlé bí ẹni tó jẹ wá lówó. Ẹ sì sọ fún mi rí pé èyí tó dùn yín jù ni bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yin nìkan sẹ́yìn bí ẹrù, tí àwa tó kù á há ara wa síwájú, bí ẹni pé à ń tijú yín.

Èmi náà bínú sí ìjókòó yẹn. Orí itan Màámi ni mo ti dàgbà, tí orúnkún mi ń gbá dáṣíbọ́ọ̀dù láti Ìtòkú dé Ewékorò. Mo rò pé òfin ọlọ́pàá ni. Lẹ́yìn tí Christianah lọ, mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá. Ó ní: "Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àwọn tírélà sìmẹ́ńtì dínà ní Ewékorò. Kò ṣeé lọ, kò ṣeé bọ̀. Àwọn obìnrin tó ń gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ sọ́jà ló bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n fi ìró wọn bo gíláàsì, tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀. Mo dúró lójú títì, mo ní Ọlọ́hun, bí ìyá àti ọmọ bá yè, mi ò ní gbé àpò sìmẹ́ńtì lé ibẹ̀ mọ́ láéláé, àfi sí búùtù. Wọ́n yè. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ló ni ibẹ̀. Ṣé a máa ń bá èèyàn du ilé rẹ̀ ni?" Ó ní láti ibẹ̀ dé Ìtòkú lòun ń fọn fèrè ọkọ̀, tó fi jẹ́ pé kí ẹ tó délé, gbogbo àdúgbò ti jáde síta.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kì í ṣe ẹrù. Ẹ̀yin ni onílé. Àwa tá a há síwájú, ayálégbé ni wá.

Ohun tí Bàbá ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín rèé, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́: "Sọ fún un pé mi ò lè wakọ̀ mọ́, òun ni yóò wà á. Kó jọ̀ọ́, kó gbà mí láyè kí n jókòó sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kan péré, ká dé Ewékorò ká sì padà, kí ojú mi tó ṣú tán." N kò gbọ́ kí Bàbá bẹ ẹnikẹ́ni rí, àfi ọlọ́pàá.

Ẹ wá ní Sátidé. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Bí ẹ bá ní ká sun ún, èmi fúnra mi ni n ó ṣá ìṣáná. Àmọ́ bí ẹ bá ní ká máa bá iṣẹ́ lọ, Ọ̀gá Sàlàhúdíìnì fi irùngbọ̀n rẹ̀ búra pé kó tó di Iléyá tó ń bọ̀, yóò dá gun òkè, láìsí ẹni tó ń tì í.

Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ yín. Bó bá sì dí, yóò rán àwọn onírẹsì sọ̀ kalẹ̀ fún yín. Haleemah yóò dàgbà, yóò gbọ́n, orúnkún rẹ̀ kò sì ní mọ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Èmi ni àbúrò yín àti ayálégbé yín,
Abdulbaqi.

Àfikún: Màámi ní bí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ ra tapólì kan dání kí òun lè rí nǹkan sá láfún sí. Ẹ fi ìyẹn mọ ibi tó dìbò sí. Adìẹ náà ti pa, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Bí mo ṣe fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa báyìí ni réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe so bátìrì mọ́ fèrè ọkọ̀ láti dán an wò, ni ó bá ké! Ìyá Àfúsá, arúgbó ilé kejì tó ti gbàgbé orúkọ gbogbo wa, sáré jáde láìwọ bàtà, ó ń béèrè pé, "Ṣé Abíọ́nà ti dé ni?" Bàbá ló dá a lóhùn. Ó ní ẹ ti wà lọ́nà.