Ìka Tí Wọ́n Fi Ń Mọ Òjò

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí yín. Ìyá Rábì, àbúrò bàbá mi, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé mi. Ó wá wo ìka mi bóyá òjò máa rọ̀, kó tó lọ sá láfún. Ẹnu tó fi pè yín ní àjẹ́ náà ló fi ń kí mi. Ó kó mi nírìíra débi pé mo fi omi fọ àga tó jókòó lé. Ẹ má bá mi wí pé n kò bọ̀wọ̀ fún àgbà, ọ̀wọ̀ yẹn ti tán nínú mi.

Ẹ rántí àpáta ẹ̀yìn ilé wa. Kò sí obìnrin tó ń tú pákí sílẹ̀ níbẹ̀ láìkọ́kọ́ wá wo ọwọ́ yín. Bí oríkèé ìka yín bá wú láàárọ̀, tí ẹ kò lè ró ìró yín fúnra yín, wọ́n á ní òjò ń bọ̀, wọ́n á gbé agbọ̀n wọn padà sílé. Ta ló bi yín bóyá ó ń dùn yín? Lọ́jọ́ tí ìka yín kò wú, tí òjò wá ba láfún wọn jẹ́, wọ́n ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri nìyẹn.

Èmi ọmọ yín sì gbà wọ́n gbọ́. Ibẹ̀ ni ara mi ti ń rí mi lára. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Múínà nígbà náà. Ẹ na ọwọ́ láti gbà á, mo wo ìka yín tó rí kókókókó bí ata ilẹ̀, mo sì gbé ọmọ mi sẹ́yìn. Mo ní oorun ń kùn ún. Irọ́ ni. Ẹ fa ọwọ́ yín padà sábẹ́ ìborùn, ẹ ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Títí ẹ fi kú, n kò gbé e lé yín lọ́wọ́ rí.

Ó ti dé ọwọ́ èmi náà báyìí. Láàárọ̀, n kì í lè ṣí ìdérí ìgò. Dókítà tó yẹ̀ mí wò, ọmọdébìnrin ni, ó ní, "Ìyá, àwọn ọmọ ogun inú ara yín ló ṣi ọ̀tá mọ̀, oríkèé yín ni wọ́n ń bá jà." Mo bi í nípa òjò. Ó ní òtútù àti ọ̀rinrin lè mú kí ìrora àwọn kan le sí i, pé àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, pé wọ́n ṣì ń wádìí bí ojú ọjọ́ ṣe ń kan àwọn ọmọ ogun náà. Ṣùgbọ́n kò sí ìka tó ń pe òjò. Ó ní bí èèyàn bá tètè lo oògùn tó ń mú wọn rọlẹ̀, ìka lè má lọ́ rárá.

Tètè! Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n jẹun lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọdún tí ẹ fi jókòó síwájú wa, ojú ọjọ́ la fi yín ń wò. Ṣé ó dùn yín gan-an, Màámi? Ṣé ẹ mọ̀ pé Múínà kò sùn?

Mo sọ fún Ìyá Rábì pé kó lọ wo ojú ọ̀run, ojú ló ní. Kò pẹ́ tó lọ ni òjò ṣú láti apá Ilé-Ogbó. Múínà wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tuntun, mo yáa ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn. Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi gbé e, ẹ jẹ́ n lọ kó aṣọ tí mo sá síta." Mo ní ọwọ́ mi kò dáa. Ó fa ọwọ́ mi jáde, ó gbé ọmọ lé e, ó sáré bọ́ sínú òjò.

Ọmọ náà di àtàǹpàkò mi tó wú mú, ó ń fà á mu. Ó ń dùn mí, n kò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìka náà kò rí i lára. Tiyín náà ì bá má rí ìyá rẹ̀ lára, ká ní mo gbé e fún yín.

Ẹ forí jì mí.

Èmi ni, ọmọ yín tó gbé Múínà sá fún yín.