Àwòrán Yín ní Gbọ̀ngàn Oníkan

Bàbá mi tí mò ń ṣàfẹ́rí,

Kí Ọlọ́run Ọba fi àlùjánnà kẹ yín. Ara wa le. Ìyá mi ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún l'Ékòó báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo ìhà kankan kí ẹ tó sọdá títì, ọkàn mi kì bá tí balẹ̀ lórí yín.

Ohun kan wà tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ojú yín ti ń kúrò lọ́kàn mi. Mo rántí ikọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, mo rántí ọwọ́ yín lára fìlà tí ẹ ń rán, ṣùgbọ́n ojú yín kì í wá. Ẹ kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ya yín ní fọ́tò rí. Kí ni kí n máa wò?

Lóṣù tó kọjá, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Oníkan. Iṣẹ́ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà òde òní ni, àwọn tí àwọn ọ̀dọ́ ń wò kọ́ṣẹ́. Obìnrin kan ń fi wọ́n hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń fi òòlù lu àwòrán jáde lára idẹ pẹlẹbẹ. Òmíràn, obìnrin ni, ń fi amọ̀ mọ orí ènìyàn láìṣe ojú sí i. Àwọn ọmọ mi ń jiyàn bóyá orí náà ń sùn. Ẹni ìkẹyìn ni bàbá àgbàlagbà kan. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ya ọba àti ìjòyè, àwọn ará àdúgbò nídìí iṣẹ́ wọn lòun ń yà, ọ̀pọ̀ ayàwòrán sì ti tọ ọ̀nà rẹ̀.

Mo gbójú sókè wo èyí tó tóbi jù. Ẹ̀yin ni, Bàbá.

Fìlà wà lórí orúnkún yín, òwú pupa wà létè yín. Ìpéǹpéjú òsì yín wálẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bó bá rẹ̀ yín. Mo ti gbàgbé ìyẹn pátápátá.

Bàbá ayàwòrán náà wà nítòsí. Mo kí wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ ti rí wọn?”

“Ìsàlẹ̀ Gángan. Mo máa ń jókòó ní òdìkejì títì. Wọ́n rò pé mọ́ṣáláṣí ni mò ń yà.”

“Bàbá mi ni. Wọ́n ti ṣaláìsí.”

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. “Ẹnìkan ti ra àwòrán náà, ọmọ mi. Ó ń lọ sókè òkun lọ́sẹ̀ yìí.”

Ṣé lóòótọ́ ni ẹ kò mọ̀, Bàbá? Àbí ẹ mọ̀, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n máa yà yín lọ?

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ìyá mi lọ. N kò sọ ohun tí wọ́n máa rí fún wọn. Wọ́n wò yín títí, wọ́n rọra kúnlẹ̀ lórí síméǹtì níwájú gbogbo èrò.

“Ẹ káàárọ̀, olówó orí mi.”

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn yí ojú sí ògiri. A jókòó tì yín títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti gbé yín lọ báyìí. Ilé ta lẹ wà? Ṣé òtútù kò pọ̀ jù? Ta ni yóò sọ fún àwọn tó ń wò yín pé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ṣì ń fẹ́ kí ẹ pe òun.