Ìwọ̀n Tí Mo Fi Sí Ẹ̀rọ Kẹta

                                        Ilé Kẹjọ,
                                        Ọgbà Òṣìṣẹ́ Amúnáwá,
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Mo mọ̀ pé ọkàn wọn ò lè balẹ̀ láti ìgbà tí iléeṣẹ́ wa ti ní kí àbúrò rẹ lọ jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ sọ.

O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé o ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Òun nìyí. Tí àwọn ẹ̀rọ amúnáwá bá ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn, iná á máa mì bí omi inú korobá tí èèyàn gbé rìn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń pẹ̀tù sí mímì náà, èmi ni mo sì ń díwọ̀n bó ṣe máa le tó. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo dán ti ẹ̀rọ kẹta wò nígbà tí ẹrù ọrùn rẹ̀, ìyẹn iná tí ìlú ń fà lára rẹ̀, ò tó nǹkan. Bí mo ṣe ń jẹ́ kó le sí i ni mímì náà ń tètè rọlẹ̀. Àwọn ọ̀gá yìn mí, orí mi wú. Mi ò dúró dán an wò lórí ẹrù kíkún tí mo fi buwọ́ lùwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ṣẹlẹ̀, ẹrù kún, ẹ̀rọ náà mì títí ó fi dáṣẹ́ sílẹ̀, iná sì lọ ní gbogbo ìlú. Àbúrò rẹ ló wà nídìí rẹ̀. Ó ní òun rí i tó ń mì, òun ń dín ẹrù rẹ̀ kù lọ́wọ́ ló bá kú. Àwọn ọ̀gá ní irọ́ ni, wọ́n ní ṣe ló sùn lọ. Ìwọ náà bú u, ó sọ fún mi.

Lọ́jọ́ Ajé mo tún dán an wò, lórí ẹrù kíkún. Pẹ̀lú ìwọ̀n tèmi, ńṣe ni mímì náà ń pọ̀ sí i. Mo dín in kù sí ìdajì: ó mì lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Ojú tì mí, ọ̀rẹ́ mi.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Lánàá mo lọ bá àbúrò rẹ nílé. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ tí kò ní ibi tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ó rò pé mo wá sọ pé mo ti bá a bẹ ọ̀gá ni. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sọ ọ́ títí, èmi náà ti wá gbà pé mo sùn.”

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Tó o bá fẹ́ bínú, èmi ni kó o bínú sí. Àmọ́ kó o tó kí Ìyá wa fún mi, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ọmọ wọn ò sùn.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ látilé ìwé,
                                        Òpó.