Àlejò Inú Balùwẹ̀

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹwàá
Ìrì dì sórí koríko láàárọ̀. Lorna, aládùúgbò wa, ń lọ sí Arizona níbi tí oòrùn wà, títí òtútù Duluth, ìlú wa, yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ó gbé fẹ́ẹ̀nì rẹ̀ wá – ewéko eléwé bí ìyẹ́, ó tóbi ju àgùntàn lọ. Ó ní, "Ẹ gbà á o, mi ò mọ ohun tí màá fi ṣe." Kí n tó lanu, ọkọ mi ti gbà á mọ́ra. Láti ìgbà tí Orrin ti fẹ̀yìn tì, aago tí kò bàjẹ́ ló ń tún ṣe.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kọkànlá
Ewé ń rẹ̀ dànù. Sínú ọbẹ̀. Sínú bàtà mi. Orrin ní ooru pálọ̀ ló ń gbẹ ẹ́ lọ́fun, ọ̀rinrin ló fẹ́. Ó gbé e sínú ọpọ́n ìwẹ̀. Mo ní níbo la ó ti máa wẹ̀?
"Ìwọ ṣáà ní àbúrò."

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kọkànlá
Mo wẹ̀ nílé Thea, àbúrò mi. Mo ní àlejò ló gba balùwẹ̀ wa. Ó ní ṣé obìnrin ni? Mo ní mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kejìlá
Orrin ń ka ìwé ìròyìn fún Àlejò. Ó ń fo ibi ojú ọjọ́, kó má bàa dẹ́rù bà á.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kìíní
Iná lọ láti àárọ̀. Ilẹ̀kùn dì mọ́ férémù. Orrin fi kóòtù mi wé Àlejò. Èmi wọ súwẹ́tà méjì. Mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ burúkú. Ó ní, "Tó bá kú, kí ni màá sọ fún Lorna?" Lọ́dún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún Orrin, Lorna ló ń kó yìnyín ẹnu ọ̀nà wa. Mo gbé ọ̀rọ̀ burúkú náà mì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ti ààrò.

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta
Ewé tuntun! Ó ká bí ìka ọmọ jòjòló. Mo sunkún díẹ̀. Thea ò ní gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹrin
Lorna pè. Orrin ròyìn fún un – balùwẹ̀, kóòtù, ewé tuntun. Lorna ní, "Orrin, ṣé ẹ ò tíì jù ú nù ni? Ọdọọdún ni mo ń ju tèmi nù. Tí mo bá dé, màá ra òmíràn."
Orrin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ rọra pa ilẹ̀kùn balùwẹ̀ dé.
Ó ní kí n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.