Tẹlifíṣọ̀n tí o fi ránṣẹ́, àti ojú Bíríkìlà

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ, títí kan èyí tó ń hu eyín lọ́wọ́. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà, ẹni tó bá jí pẹ̀lú ìbínú ní ọ́fíìsì yín kò ní rí yín bínú sí, ọwọ́ yín yóò sì máa mókè. Àwa náà wà, a dúpẹ́, orókún mi nìkan ni kò gbọ́ràn. Baba rẹ kí ọ. Òun gan-an ló yẹ kó kọ ìwé yìí, ó mú bírò, ó tún fi sílẹ̀, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ torí èmi ni mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, kí n sì kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má bu iyọ̀ sí i.

O bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí pé fíìmù wo la ti wò látìgbà tí tẹlifíṣọ̀n tí o rà fún wa ti dé, àti pé báwo ni wọ́n ṣe rí lójú wa. Mi ò lè dáhùn dáadáa lórí fóònù, torí ihò tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá níbẹ̀ kéré, bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ jù, ó lè dí i. Inú ìwé ló gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n náà dé láyọ̀, kò fọ́. Baba rẹ wò ó yíká, ó kan ẹ̀yìn rẹ̀ kó, kó, ó ní kò sí igi kankan nínú rẹ̀. Ló bá kan kọ́bọ́ọ̀dù fún un, ó fi ilẹ̀kùn sí i, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Tá a bá wò ó tán, a ó ti ilẹ̀kùn náà kí àwọn èèyàn inú rẹ̀ lè sinmi. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe pọ̀. Ìyàwó àbúrò baba rẹ wá kí wa, ìgbà tó fẹ́ lọ gbọ́ ìpè, ó tẹ rìmóòtù, ọkùnrin kan sì dúró gbagidi tòun ti apá tó nà sókè. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn gbé apá rẹ̀ sílẹ̀ ná, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni.

Fíìmù tá a kọ́kọ́ wò ò dára lójú mi rárá. Ọkọ kan ti ìyàwó rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, obìnrin náà sì kú. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ń gbàdúrà fún àwọn òbí rẹ̀ títí, àfi bí mo ṣe rí i nínú fíìmù mìíràn tó ń ta aṣọ, tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Baba rẹ ní ìbejì rẹ̀ ni. Bíríkìlà, ọ̀rẹ́ baba rẹ, ní kì í ṣe ìbejì, òun náà gan-an ni, ohùn rẹ̀ ni òun fi mọ̀ ọ́n. A ò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí nígbà náà.

A tún wo fíìmù àwọn òyìnbó kan tí wọ́n máa ń kọ ohun tí kálukú bá sọ sí ìsàlẹ̀. Ìyẹn wù mí. Kò ní sí pé ẹnì kan ń sọ pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá lè máa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fún baba rẹ náà nínú ilé yìí, ìjà ì bá dín kù. Ní ìparí fíìmù kọ̀ọ̀kan, orúkọ èèyàn máa ń gòkè lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Baba rẹ ní orúkọ àwọn tó kú sídìí iṣẹ́ náà ni, á ṣí fìlà, a ó sì dákẹ́. Èmi rò pé àwọn tó dá owó jọ ni, ṣùgbọ́n mo ń bá a dákẹ́.

Ti pé kó o bi baba rẹ bóyá fíìmù dára, má ṣèyọnu. Kì í wo èèyàn níbẹ̀, ilẹ̀kùn ló ń wò. Ó ní nínú gbogbo ilé olówó tí wọ́n ń gbé jáde yẹn, òun ò tíì rí férémù kan tó gún.

Èyí tó wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni eré kan tó máa ń wá ní ọ̀sán. Baba olówó kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá. Ó ní ọmọkùnrin méjì. Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń fi aṣọ bo baba rẹ̀. Àbúrò ni oníjàgídíjàgan, tó ń gbá ilẹ̀kùn. A sì fi ojú ara wa rí i pé àbúrò yìí da nǹkan sínú ife baba rẹ̀. Kí ni ẹnikẹ́ni tún ń jiyàn sí?

Bíríkìlà jiyàn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òun ló ń gbé ọ lé èjìká nígbà tí o wà ní kékeré. Òun àti baba rẹ jọ kọ́ṣẹ́ lásìkò kan náà, òun á mọ ògiri, baba rẹ á kan òrùlé lé e, kò sí òpópónà kan níbí tí wọn ò fi ilé sílẹ̀ sí. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ ló kù nílé. Lójoojúmọ́ tí eré yẹn bá ti tó, á dé, á kí wa, á jókòó. Ó sì ní ẹ̀gbọ́n ló ń fún baba rẹ̀ ní májèlé. Ó ní ohùn ẹ̀gbọ́n yẹn dà bí ohùn ẹni tó gbé nǹkan mì tí kò tíì dénú. Baba rẹ ní ṣé kò rí i tí àbúrò gbé ife ni. Ó ní ife kì í sọ̀rọ̀.

Ó tún máa ń béèrè ìbéèrè jù. Ta ló wọlé yẹn? Kí ló mú dání? Ó bọ́ sí ìta ni àbí ó ṣì wà níbẹ̀? Baba rẹ á ní, ìwọ ọ̀gbẹ́ni yìí, ṣé ìran lo wá wò àbí ìròyìn lo wá gbọ́? Nígbà àkọ́kọ́, ó máa ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́ kàn án. Nígbà tó yá, ó padà sẹ́yìn, ó jókòó sí ìdí fèrèsé, ó sì ń kọ ojú sí ọ̀dọ̀ mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé iná mànàmáná ló ń bà á lẹ́rù. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé kó má bẹ̀rù, pé iná inú rẹ̀ kì í jáde.

Ó wá di ọjọ́ kan. Wọ́n ti gbé baba olówó yẹn lọ sí ọsibítù, ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ mú, omijé ń dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sọ̀rọ̀, orin pàápàá ò dún. Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ìyàwó àbúrò baba rẹ wà níbẹ̀. Bíríkìlà bá ní, Káfíńtà, ṣé iná ti lọ ni, tẹlifíṣọ̀n yìí ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ mi, a rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú. Baba rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí ẹkún ló ń sun, kò sì fẹ́ kí a rí i. Ìbínú ló fi bo ẹkún náà. Ó ní ojú tí Bíríkìlà fi ń gbé bíríkì léra, níbo ló gbé e sí, ṣé ó ti fi í dógò ni. Ó ní abájọ tí ògiri tó mọ fún ọ̀gá ilé ìwé fi tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Ó ní kó lọ ra ojú kó tó padà wá.

Bíríkìlà dìde, ó fi ẹsẹ̀ kọ àpótí, ife omi orí rẹ̀ dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Baba rẹ ní ẹ ẹ̀ rí i, ó ń fi àpótí bínú. Mo rí i tó ń fọwọ́ tọ ògiri páálọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Mo sọ lọ́kàn mi pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò, torí òun ló rẹ́ ògiri yẹn. Ohun tí mo rò nìyẹn, ọmọ mi, bí mo ṣe jókòó tí mo sì ń wò ó.

Kò wá ní ọjọ́ kejì. Kò wá mọ́. Mo sọ fún baba rẹ pé kó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò lè torí fíìmù bẹ àgbà tó ń ṣe bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Ìjókòó ìdí fèrèsé yẹn ṣófo, ẹnikẹ́ni ò jókòó sí i, a ò sì sọ fún ara wa pé ká má jókòó sí i.

Nígbà tó yá, mo mú búláòsì mi lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, ọmọ Bíríkìlà, kó bá mi tú u díẹ̀. Mo bá baba rẹ̀ ní ìta, lórí àga, ó kọjú sí mi gan-an. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo tẹrí ba. Kò dáhùn. Inú bí mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìjà fíìmù náà ni títí di báyìí. Mo yí padà, bàtà mi sì ha ilẹ̀. Ó bá ní, ta nìyẹn? Ojú rẹ̀ wà lára mi, ó sì ń bi mí pé ta ni.

Ọmọ rẹ̀ fà mí wọ yàrá tí máṣíìnì wà. Ó ní ó ti pẹ́ tí ojú náà ti ń ṣú, ọ̀kan ti kú pátápátá, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni èkejì ń rí. Ó ní baba òun ló bẹ òun kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ta ló máa gbé iṣẹ́ ògiri fún bíríkìlà tí kò ríran? Ó ní páálọ̀ wa nìkan ni baba òun máa ń múra fún, torí baba náà ní níbẹ̀, bí ohùn bá ti pọ̀, òun máa ń rí àwọn èèyàn inú fíìmù kedere. Mo jókòó sórí ègé aṣọ tó kó jọ sílẹ̀, mi ò rántí búláòsì mọ́.

Mo délé, mo rò ó fún baba rẹ. Ó ń fá igi lọ́wọ́. Ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó fi aṣọ iṣẹ́ jáde láì wọ bàtà. Mo tẹ̀ lé e lókèèrè. Ó dé iwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dúró. Bíríkìlà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, Káfíńtà, jókòó, mo ń gbóòórùn ìyẹ̀fun igi. Baba rẹ wólẹ̀ síbẹ̀. Ó ní òun ló yẹ kó lọ ra ojú. Bíríkìlà ní kó dìde, kó sọ fún òun bóyá baba olówó yẹn kú.

Eré náà ti parí. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àbúrò, dókítà ilé wọn ló ń fún un ní májèlé, oògùn ikọ́ lásán ni àbúrò dà sínú ife. Baba rẹ wá pa irọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló jàre, pé ẹ̀gbọ́n ni. Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun ti gbọ́ ìparí rẹ̀ lẹ́nu oníbàárà, ó sì ti sọ ọ́ fún òun. Ó ní irọ́ ò bá ohùn Káfíńtà mu. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, títí baba rẹ fi ń fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu ojú.

Ó ti padà sí ìdí fèrèsé. Baba rẹ fẹ́ ta tẹlifíṣọ̀n náà, ó ní òun ò fẹ́ ohun tó ń fi ẹni tí kò sí hàn òun, tí kò jẹ́ kí òun rí ẹni tó wà. Bíríkìlà ní tó bá tà á, òun ò ní wọ ilé yìí mọ́, kí ni àwọn á máa jà lé lórí? Nísinsìnyí baba rẹ ló ń ròyìn fíìmù fún un. Á ní ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní ta ló wọlé. Á ní ìdè ilẹ̀kùn náà ò dára. Èmi ni mo máa ń sọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó ń sunkún.

A mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ní ojú ọ̀tún ti fọ́, kò sí ohun tẹ́nì kan lè ṣe sí i mọ́, ṣùgbọ́n tí a bá tètè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n lè gba ti òsì là. Ó bi wá pé ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣé kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀ tó fura ni. Baba rẹ ń wo ilẹ̀. Èmi náà ń wo ilẹ̀. A wà nítòsí rẹ̀, a ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Nítorí náà, ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Bá wa wá owó ọkọ̀ fún àwọn àgbà méjì, kí ìyàwó wa sì bá wa tẹ́ yàrá kan fún wọn. Kí o bá wa wá dókítà kan kàn. Mo rí i nínú fíìmù ọjọ́ Sátidé, ó ga, ó wọ aṣọ funfun, ó la ojú ọmọbìnrin kan, nígbà tí wọ́n sì tú báńdéèjì rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ìlú ńlá lẹ wà, ẹ ó mọ ilé rẹ̀. Sọ fún un pé ìyá rẹ ló rán ọ, pé a mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dí. Baba rẹ ní eré lásán ni, pé kì í ṣe dókítà. Mi ò bá a jiyàn, mo ti jẹ́wọ́ pé ojú mi kì í ríran tó bí mo ṣe rò. Bó bá jẹ́ eré ni lóòótọ́, ọkọ mi, jọ̀ọ́, wá èyí tí kì í ṣe eré fún wa, kó o sì tètè wá a.

Ọlọ́run yóò fi ojú tó ń rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ jíǹkí rẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ kò ní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kó máa ṣòfò láì jẹ́ pé o mọ̀. Wàá pẹ́ fún wa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.