Wàsíù Tó Ń Kí Aṣọ́lé Kó Tó Gbá Pẹnáritì

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Barking nílùú òyìnbó níbí. Mo kí Màmá, mo kí Àǹtí Bísí àti àwọn ọmọ wọn, mo kí aládùúgbò wa tó ń bá yín jókòó ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ yín ti ń fúyẹ́? Iṣẹ́ ń lọ ní ilé ìkẹ́rùsí, a dúpẹ́. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá. Wínníwínní ni, títí aṣọ á fi lẹ̀ mọ́ni lára.

Ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí pé ẹni tí kò lè sáré, kí ló ń wá nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Ẹ fi Wàsíù rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá a rojọ́.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Òótọ́ ni pé ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ pápá, tó bá sì sáré díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀gbẹ́ pápá ló máa ń jókòó sí. Àmọ́ bí pẹnáritì bá dé, tí gbogbo àwa géńdé ń sá sẹ́yìn, òun la ó yára mú wọlé. Kì í tàsé. Á kọ́kọ́ tẹrí ba fún aṣọ́lé, á ní ẹ kú ìdúró o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo ẹgbẹ́ tó ń bá wa gbá a; ta ni wọ́n máa kí tí kò ní dáhùn? Kí onítọ̀hún tó dáhùn tán, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n.

Sọ́ńdè tó kọjá, a pàdé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ará Whalebone. Bí a kò bá borí, a ó já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀, balógun wa sì ti búra pé òun á tú ẹgbẹ́ ká. Bàbá, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè mí níbi iṣẹ́. Orí pápá yẹn nìkan ni wọ́n ti ń pe orúkọ mi bí ẹ ṣe ń pè é. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọ̀mì la wà nígbà tí wọ́n fún wa ní pẹnáritì. Aṣọ́lé wọn, bàbá Ẹ̀gbá kan tó ti gbọ́ ìròyìn Wàsíù, di ẹnu pinpin. Wàsíù kí i, kò dáhùn. Mo ní ó tán. Wàsíù rẹ́rìn-ín músẹ́, fèrè dún, ó gbá a wọlé wẹ́rẹ́. Bí a ti borí tán ni bàbá náà tó wá bá a, ó ní òun wá dá ìkíni rẹ̀ padà.

Mo sọ fún Wàsíù pé mo ti rò pé ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí ni. Ó ní rárá o. Ó ní ẹ̀rù máa ń ba òun ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n bí òun bá ti kí àgbà, á dà bíi pé òun wà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá òun, ara òun á sì balẹ̀. Ohun tó ń wá nínú ẹgbẹ́ wa nìyẹn, sà. Àwa là ń sáré, òun ló ń mú wa délé.

Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìkíni inú lẹ́tà mi gùn ju ọ̀rọ̀ lọ. Èmi náà, ẹ̀rù ló ń bà mí níbí.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kẹ́ ẹ tún wọn kí. Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ara mi ti balẹ̀.

Ọmọ yín,
Délé