Fídíò Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Màmá Láàárọ̀ Jímọ̀

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
                                        Igando, Alimosho,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        14 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Yahya, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Abdulganiyy tí o ní ibà ń dà láàmú nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Mo lérò pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Iṣẹ́ ńkọ́? Ní tiwa, a dúpẹ́, ilé kò burú. Òjò ṣì ń rọ̀ níbí, òórùn àkìtàn Solous sì ń wọlé bá wa bí a bá ti ṣí fèrèsé, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó kàn rẹ̀ mí ni, kì í ṣe àìsàn.

Á yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa. Bí mo bá pè ọ́, àárín èrò ni wàá wà ní ọ́fíìsì. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, wàá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wàá sì fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Zacchaeus aládùúgbò wa ń bọ̀ ní Mínna lọ́la, mo ní kó fi èyí lé ọ lọ́wọ́. Jọ̀wọ́, jókòó kà á tán.

Mo pè ọ́ ní ọjọ́ kejì oṣù yìí pé Màmá rẹ ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé a ti gbé wọn dé ọsibítù. N kò sọ ohun tó fà á, nítorí èmi náà kò tíì mọ̀. Ọjọ́ kẹfà ni mo tó mọ̀, Màmá sì mú mi ṣèlérí lọ́jọ́ náà gan-an pé n kò ní sọ fún ọ. Lónìí mo ń yẹ ìlérí náà. Ó ti wà lọ́kàn mi fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án, o fi fídíò kan ránṣẹ́ sí Màmá. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ kóòtù funfun bíi dókítà, tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba kíndìnrín àwọn àgbà jẹ́, pé kí wọ́n pa á tì, kí wọ́n máa mu omi aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́ láràárọ̀ fún ogójì ọjọ́. Màmá kó oògùn wọn sínú ọ̀rá, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹtàlá tí wọ́n ti ń mu omi aáyù náà ni wọ́n ṣubú.

Wọn kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni ní ọsibítù. Abigail ló tú àṣírí náà. O rántí Abigail, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé òdìkejì wa, tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà. Ọjọ́ kejì tí Màmá padà sílé, ó wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì rí ife kan lórí tábìlì.

“Màmá, kí lèyí?”

“Oògùn ni.”

“Oògùn bíi ti báwo? Èyí tí wọ́n fún yín ní ọsibítù ńkọ́?”

“Ìyẹn ló ń pa kíndìnrín. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà mọ̀, ẹ kàn ń fi pa mọ́ fún wa ni.”

“Ẹ jàre, Màmá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Màmá bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi tó wà ní Mínna ni. Ṣé ìwọ nìkan ló kàwé ni? Èmi náà bí ẹni tó kàwé ṣá.”

Abigail wá pè mí. Mo jókòó ti Màmá ní pálọ̀, a jọ wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo fi ọfà méjì tó wà lókè rẹ̀ hàn wọ́n, pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá kó tó dé ọwọ́ rẹ, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo ẹnu ọkùnrin náà: Yorùbá là ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ máa ń pa dé níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ó dárúkọ yunifásítì kan. Mo pe ẹni tí mo mọ̀ níbẹ̀, wọn kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá ojú rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú kan náà, kóòtù kan náà, òróró orúnkún ló ń tà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, orúkọ mìíràn ló sì ń jẹ́. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, nígbà tó ti dẹ́rù ba èèyàn tán, ó gbé ìgò kan jáde, ó ní kí ẹni tí kò bá ráyè lọ aáyù pe nọ́mbà kan.

Màmá fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Nùrẹ́nì, o ṣé. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní irọ́ ni. Yahya kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Màmá, bóyá Yahya kò wò ó.”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú wọn. “Ọmọ mi á fi ohun tí kò wò ránṣẹ́ sí mi? Má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Má sì sọ fún un pé ẹ̀ ń di ìṣubú mi rù ú, á bà á lọ́kàn jẹ́.”

Yahya, mo yẹ fóònù wọn wò. Àdúrà Jímọ̀ rẹ wọlé ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjì. Fídíò náà wọlé ní ìṣẹ́jú kan náà. Èmi náà gbà á lọ́wọ́ rẹ ní ìṣẹ́jú yẹn, mo sì rò pé gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ ló gbà á.

Ó yẹ kí n sọ tèmi náà. N kò ṣí i. Mo rí i, mo pa á rẹ́ bí mo ṣe ń pa gbogbo wọn rẹ́, nítorí ó ti sú mi. Mo ti ṣàlàyé títí nínú ẹgbẹ́ wọ́ọ̀sáàpù àdúgbò wa. Oṣù tó kọjá, wọ́n gbé àwòrán omíyalé kan jáde pé Ìṣẹ̀rí-Olófin ni. Mo fi hàn wọ́n pé nọ́mbà ara ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti Nàìjíríà. Wọ́n dúpẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹni tó kọ́kọ́ dúpẹ́ ti gbé òmíràn wá. Mo bá dákẹ́. Ká ní mo ṣí tìrẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ẹnu ọ̀nà mi sí ti Màmá kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ.

Kóòtù funfun kọ́ ni Màmá gbà gbọ́. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí o ráyè pè wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀, n kò dá ọ lẹ́bi. Ohunkóhun tí o bá fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ni wọ́n ń gbà bí ìkíni. Wọ́n á gbé fóònù wá bá mi: “Yahya ti kí mi lónìí.” Lójú tiwọn, o jókòó, o ro ti àìsàn ìyá rẹ, o wá oògùn kiri títí o fi rí i.

Wọ́n ti fi ọjọ́ méjìlélógún mu omi aáyù báyìí, láìka ọjọ́ ọsibítù mọ́ ọn. Oògùn tòótọ́ ṣì wà nínú ọ̀rá, Abigail kà á láná, kò dín ẹyọ kan. Ẹni tí wọ́n ní kí n má sọ fún náà sì ni ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, pè wọ́n lọ́jọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Má fi ohùn ránṣẹ́. Má kàn sọ pé irọ́ ni fídíò náà, wọ́n á ní èmi ni mo kọ́ ọ. Sọ fún wọn pé o kò wò ó. Á dùn wọ́n, mo mọ̀, n kò sì rí ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn náà, wá àwọn yòókù tó gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Hamdalah ìyàwó mi kí ọ, Abigail náà kí ọ. Màmá rí mi tí mò ń kọ̀wé, wọ́n ní kí n kí ọ dáadáa, pé ara àwọn le koko, kí o má ṣèyọnu. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn tí Abigail wọ̀n láàárọ̀ yìí jẹ́ 194 lórí 108.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ Màmá,
                                        Nùrẹ́nì Sàlàkọ́